Kọ̀ǹpútà Méjì Nínú Ilé Oníná

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Ọkọ mi, ọmọ mi,

Báwo ni ibẹ̀ yẹn? Ṣé o ti ń rí oorun sùn? Ṣé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ti jáwọ́ nínú fèrè tó máa ń fọn lásìkò tó o bá fẹ́ sinmi? Àwa wà ńbí. Bàbá rẹ náà wà. Orúnkún ló ń dùn wọ́n, ẹnu ò dùn wọ́n rárá.

Ọ̀rọ̀ ìwé mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mátíróònù ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ránṣẹ́ pé àwọn gbà á. Ìwé tí mo ti ń tẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, òun ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ tuntun tó ń bọ̀. Àmọ́ kí oṣù yìí tó parí ló gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn. Bí kò bá dé, ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti ń lò náà ni wọ́n máa tún tẹ̀, tèmi á wá di ọdún mìíràn, èyí tí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá á dé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ̀rọ yẹn ti gbó. Tí mo bá tàn án, á máa lọ̀ gììrì bí ẹni tó ń lọ òkúta. Ihò tí wọ́n ń ki fúláàṣì bọ̀ ti kú. Kò lè ṣí ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì kankan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi ímeèlì ránṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ìkòríta ní kí n gbé e wá kóun tú u. Bàbá rẹ ní láéláé, pé rédíò tí ọkùnrin yẹn gbé lọ lọ́jọ́sí ṣì wà lójú ọ̀nà, kò tíì padà délé.

O sọ fún mi nígbà kan pé kọ̀ǹpútà méjì tó wà nínú ilé kan náà lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, pé èyí tó o fi ránṣẹ́ sí mi, tó wà ní yàrá mi, lè nawọ́ mú nǹkan nínú ti pálọ̀. Báwo la ṣe ń ṣe é? Má pè mí lórí fóònù o. O máa ń sáré sọ̀rọ̀ jù, kí n tó rí awò ojú mi, o ti dé ìparí. Kọ ọ́ sínú ímeèlì bí mo ṣe kọ èyí láti yàrá mi, kí n máa wò ó, kí n máa ṣe é.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé, ẹ sì kú oríire. Ojú iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, ọ̀gá mi rò pé oníbàárà kan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ ní kí wọ́n fún orúnkún náà láyè kó sinmi.

Èyí ò le rárá. Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyẹn. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó, tí mo gbé nǹkan sétí, tí àwọn tí mi ò rí rí ń pè mí pé ẹ̀rọ àwọn ò dáhùn. Ṣé tiyín ni mi ò wá ní lè ṣe?

Ẹ lọ sí pálọ̀, kẹ́ ẹ ṣí ibi tí ìwé yín wà. Fódà tẹ́ ẹ kó gbogbo orí ìwé náà sí, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀rọ míì nínú ilé láyè láti wò ó. Ẹ ní kó gbà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ orúkọ tí kọ̀ǹpútà náà ń jẹ́ sílẹ̀. Wáyà ti so ó mọ́ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyẹn ti dáa. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ padà sí yàrá yín, kẹ́ ẹ ṣí tuntun. Ẹ tẹ ibi tí wọ́n ya kọ̀ǹpútà méjì tí wáyà so pọ̀ sí. Orúkọ ti pálọ̀ á yọjú níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rí ìwé yín. Ẹ wọ́ ọ wá sọ́dọ̀ ara yín, ó parí nìyẹn.

Ẹ gbé omi kaná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kó tó hó, ẹ ti ṣe tán.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Omi hó, omi gbẹ, mo tún gbé òmíràn kaná.

Gbogbo ohun tó o kọ ni mo ṣe. Mo jókòó ní pálọ̀, mo tẹ fódà, mo rí ibi tó o wí, mo ní kó gbà, ó gbà. Mo kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sẹ́yìn páálí oògùn bàbá rẹ. Mo palẹ̀ mọ́ bó ṣe yẹ, mo wá sí yàrá. Mo ṣí tuntun, mo tẹ àwòrán tó o wí. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo bá níbẹ̀, orúkọ kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi yìí gan-an. Àfi bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ara rẹ̀.

Mo padà sí pálọ̀ lọ wò ó. Fódà wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó ṣì gbà. Mo tún padà sí yàrá, kò sí nǹkan kan. Mo ṣe é títí ó fi sú mi. Bàbá rẹ ń wò mí bí mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀. Wọ́n bi mí pé tó bá jẹ́ ìrìn àjò ni mo fẹ́ lọ, kí n sọ, kí àwọn bá mi di ẹrù.

Mátíróònù ti béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní ó ń bọ̀. Agbẹ̀bí ni mí, mo mọ ìgbà tí èèyàn ń sọ pé ó ń bọ̀ tí ohunkóhun ò sì bọ̀. Kí ló kù tó o ò sọ fún mi?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ẹnì kan lára wa ṣàìsàn, èmi ni wọ́n fi dí àlàfo rẹ̀, tí mo bá délé, mi ò ní fẹ́ rí ojú kọ̀ǹpútà kankan.

Ó yẹ kí nǹkan yẹn ti ṣiṣẹ́. Mo ti rò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́ kí èkejì wọlé. Ẹ lọ síbi ètò inú rẹ̀, ẹ wá ẹ̀ṣọ́ náà, kẹ́ ẹ sọ fún un pé ará ilé ló ń bọ̀, kó yẹra. Ó tún lè jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù ló ń béèrè, ẹ mú ìyẹn kúrò. Kẹ́ ẹ rí i pé tuntun náà mọ̀ pé íńtánẹ́ẹ̀tì inú ilé ni òun wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ti ìta.

Àbí Bàámi ti fọwọ́ kan wáyà tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn? Mo mọ̀ wọ́n, tí wọ́n bá rí wáyà, ọwọ́ wọn kì í gbé jẹ́ẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ kú sùúrù.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè létí bàbá rẹ, títí kan ibi tó o ti dárúkọ wọn. Kò yẹ kí n kà á. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí wọ́n tó bí ọ ni àwọn ti ń fa wáyà sínú ilé àwọn èèyàn, pé gbogbo àdúgbò ò pe àwọn ní Oníná lásán, pé kò sí wáyà kan tí àwọn fọwọ́ kàn tó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Wọ́n ní ṣé ọmọ tí àwọn fi ọwọ́ ara àwọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ẹnu wáyà bọ ògiri ló wá ń kọ́ àwọn níwà. Wọn ò jẹun dáadáa ní ọ̀sán yẹn.

Ní tèmi, mo rí ẹ̀ṣọ́ rẹ. Mo ní kó yẹra, ó yẹra. Mo mú páásíwọ́ọ̀dù kúrò. Mo sọ fún tuntun pé inú ilé ló wà. Mo tún wá a, ó ní òun ò rí ẹ̀rọ míì kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ sí pálọ̀ kí n fi imú àwọn méjèèjì kanra wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ ilé kan náà ni wọ́n.

Oṣù ń lọ. Ọjọ́ méje gbáko ni kò fi sí èsì kan láti ọ̀dọ̀ rẹ níjọ́sí. Àwọn tí o ò rí rí, o ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Èmi tí mo bí ọ ni mo ń tẹ ohun tí kò dáhùn.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹsàn-án

Màámi,

Ẹ bá mi bẹ Bàámi. Mi ò fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ. Ohun tí mo kọ sí yín ti tó, ó ti pọ̀ jù pàápàá. Ohun kan ní láti wà tẹ́ ẹ fò. Gbogbo ẹni tó ń pè wá ló máa ń sọ pé òun ti ṣe gbogbo rẹ̀, Màámi, kò sì sẹ́ni tó máa ń ṣe gbogbo rẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni ìkòríta tú u. Kí Bàámi tẹ̀ lé e lọ, kí wọ́n jókòó tì í títí á fi tú u tán, tí wọn ò bá fọkàn tán an.

Mo ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Sí ọ̀gá kọ̀ǹpútà,

A kí yín o. Ilé wà, àlàáfíà wà.

Mi ò kọ̀wé sí ọ láti ọjọ́ yẹn torí mo ń ṣiṣẹ́. Mo gbé àga sí iwájú kọ̀ǹpútà pálọ̀, mo mú bíírò, mo ń fi ọwọ́ da ìwé mi kọ láti ojú rẹ̀, kí n lè wá tẹ̀ ẹ́ sínú tuntun. Orí kejì ni mo dé tí ìka mi ò fi gbọ́ tèmi mọ́. Àwọn àwòrán inú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé èmi ni màá tún fọwọ́ ya ilé ọmọ? Mo ti mọ̀ pé mi ò ní bá oṣù yìí. Ohun tó wá ń dùn mí kì í ṣe ìyẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé o ní mo fò nǹkan.

Nítorí náà, gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é, kó o fi ẹnu ara rẹ sọ ibi tí mo ti fò. Mo máa ń wọ pálọ̀. Màá tan súìṣì ara ògiri, màá tan ẹ̀rọ, màá dúró kó lọ̀ tán. Màá ṣí fódà, màá rí i pé ó ṣì gbà, màá rí i pé ẹ̀ṣọ́ ṣì yẹra. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, màá pa ẹ̀rọ náà, màá pa súìṣì, màá fa ẹnu wáyà yọ lára ògiri, màá pa iná pálọ̀, màá fa ilẹ̀kùn dé, màá wá sí yàrá, màá ṣí tuntun, màá tẹ àwòrán kọ̀ǹpútà méjì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Èwo ni mo fò?

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹsàn-án

Màámi mi,

Mo ka lẹ́tà yín tán, mo gbé orí lé tábìlì. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí bóyá wọ́n kú nílé wa.

Ẹ ò fo nǹkan kan. Èmi ni mo fò ó. Kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títàn lásìkò kan náà. Tí ti pálọ̀ bá ti kú, tuntun ò lè rí i, bí ìgbà téèyàn ń bá ẹni tó sùn sọ̀rọ̀ ni. Láti ọjọ́ kìíní lẹ ti ń ṣe gbogbo rẹ̀ pé, tẹ́ ẹ wá ń pa ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó lọ pè é.

Ẹ mọ ìbéèrè àkọ́kọ́ tá a máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá pè wá? Ṣé ẹ̀rọ yín wà ní títàn? Kò sẹ́ni tí a kì í bi, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò bi. Ó ṣe mí bíi pé àrífín ni, kí n máa bi ìyá mi bóyá ó tan ohun tó ń lò.

Ohun tó tún burú jù ni pé mo mọ òfin Bàámi. Iná kì í jó nínú yàrá tí kò séèyàn. Mo ti dé ẹnu géètì rí, pẹ̀lú báàgì iléèwé lọ́rùn, tí wọ́n pè mí padà wá pa gílóòbù kan. Mo gbàgbé, Màámi. Nínú ilé tí mò ń gbé níbí, iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń jó tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí.

A ò ní bá Bàámi fa òfin wọn ya. Òfin ní kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́ níbi tí kò séèyàn. Ẹ jẹ́ kéèyàn wà níbẹ̀. Kí Bàámi jókòó ti kọ̀ǹpútà pálọ̀, kí ẹ̀yin wà ní yàrá. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí wọ́n má dìde títí ẹ ó fi sọ pé ó parí. Mo mọ ọwọ́ wọn. Tí wọ́n bá ti dìde, ó ti dé orí súìṣì kí ọkàn wọn tó mọ̀.

Ẹ dárí jì mí lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí.

Ọmọ yín


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹsàn-án

Ọkọ mi,

Mo ti dárí jì ọ́. Jókòó kó o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá.

Kò ṣòro kí bàbá rẹ tó gbà. Mo sọ fún wọn pé o ní àwọn nìkan lo lè fi ẹ̀rọ náà ṣọ́, wọ́n ní nígbà tó o bá fẹ́ gbọ́n, o máa ń gbọ́n. Wọ́n gbé tìmùtìmù sórí àga, wọ́n gbé rédíò kékeré wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n na ẹsẹ̀ olórúnkún sórí àpótí. Èmi lọ sí yàrá. Mo tẹ àwòrán kọ̀ǹpútà méjì, orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Mo wò ó, mo yọ awò, mo nù ún, mo tún wò ó. Gbogbo wàhálà oṣù kan. Ó wù mí kí n sunkún, ó wù mí kí n gbá ẹnì kan létí, mi ò kàn mọ ẹni tí màá gbá.

Mo wọ́ ìwé náà wá. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ torí àwọn àwòrán, orí kan tẹ̀ lé orí kan. Mo ń gba ara ògiri sọ fún bàbá rẹ pé ó ti dé orí karùn-ún, ó ti dé ìkẹjọ, wọ́n ń dáhùn. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ rédíò mọ́. Wọ́n ti pa á. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ṣí orí ìkẹyìn, tí wọ́n ń kà á.

Wọn ò ka ìwé mi rí. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n máa ń pè é. Orí ìkẹyìn yẹn sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọkọ, àti bí agbẹ̀bí ṣe gbọ́dọ̀ kọ́ wọn kí ọjọ́ náà tó pé. Mo fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ níbẹ̀. Ìrọbí mú ìyàwó rẹ̀ nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣú bolẹ̀. Obìnrin náà ní kó sáré lọ pe agbẹ̀bí wá. Ó sáré. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó pa iná, ó fa ilẹ̀kùn dé, ó lọ. Aya tó ń rọbí wà nínú òkùnkùn, kò lè dìde lọ tan iná. Ọmọ náà ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ni ìyá rẹ̀ fi wá a títí tó fi rí i. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. O mọ ọmọ tó bọ́ sínú òkùnkùn yẹn. Òun ló ń bi àwọn èèyàn báyìí bóyá ẹ̀rọ wọn wà ní títàn.

Bàbá rẹ gba ara ògiri pè mí. “Nọ́ọ̀sì, ta ni ọkọ tó wà nínú orí yìí?”

Mo ní, “Ẹ jókòó, ó ku orí kan ṣoṣo.”

“Ṣé èmi ni?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

Mo gbọ́ sálúbàtà wọn. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà mi, orúkọ ti pálọ̀ ti pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan kan. Mo lọ wò ó. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ, wọ́n ti pa súìṣì, wọ́n ti fa wáyà yọ, wọ́n ti pa iná, ilẹ̀kùn wà ní dídé. Iṣẹ́ mímọ́.

A tún un tàn. Ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ sín, kò sín. Láti ìgbà náà, kò gbéra mọ́, bàbá rẹ ti tú ìdí rẹ̀, wọ́n ti tún un dè, òfo ni. Gbogbo orí ló ti dé ọ̀dọ̀ mi àfi ìkẹyìn yẹn. Inú bí mi. Mo padà sí yàrá, mo jókòó, mo kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Wọ́n wá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, “Kò rí bó o ṣe kọ ọ́ yẹn.”

Mo ń ka iye àwọn orí tó ti dé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní ní ọdún tí àwọn ń kọ́ṣẹ́, ilé kan jóná lójú àwọn nítorí iná tí ẹnì kan fi sílẹ̀, pé láti ìgbà náà, tí ẹ̀rù bá ti ba àwọn, súìṣì ni ọwọ́ àwọn máa ń wá. Wọ́n ní kò sí ọjọ́ tí ẹ̀rù ba àwọn tó ọjọ́ yẹn. Èmi àti wọn ti ń gbé láti ìgbà náà, wọn ò sọ ọ́ rí. Wọ́n wá jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ní, “Tẹ̀ ẹ́. Màá sọ ọ́, ìwọ máa tẹ̀ ẹ́.”

Ohun tá à ń ṣe láti àárọ̀ nìyẹn. Mátíróònù ti gba àwọn orí yòókù, ó ní òun á dúró de èyí títí dìgbà tí ọ́fíìsì bá fẹ́ tì. Bàbá rẹ ń sọ, èmi ń tẹ̀, mo ń yọ ibi tí wọ́n ti ń yin ara wọn kúrò. Ó ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá nǹkan kan ní pálọ̀ ni, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ èyí sí ọ. Wọ́n ti padà wá jókòó, wọ́n ní ṣé kí àwọn máa bá a lọ. Mo na ọrùn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn pálọ̀ wà ní ṣíṣí sílẹ̀, iná ibẹ̀ ń jó, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Mi ò tíì sọ fún wọn.

Ìyá rẹ